Ìdì Keje

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà

Mo kọ́kọ́ di ìwé òfìfo yìí láti fi wo bí ẹ̀yìn ìwé Akọ̀wé yóò ṣe nípọn tó. Ìdì mẹ́rìnlá, ewé mẹ́jọ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ìwé tó dára jù nìyẹn. Akọ̀wé ní kí n má jù ú nù, kí n máa kọ iṣẹ́ tí mo bá ṣe lójúmọ́ sí i, torí ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti gbé abẹ́rẹ́ ìdìwé sílẹ̀. Mo ní ṣé ó fẹ́ máa yẹ iṣẹ́ mi wò bí olùkọ́ ni. Ó ní rárá o, kí n ṣáà máa kọ. Mo ń kọ ọ́ báyìí, àmọ́ kò ní rí i.

Akọ̀wé ni mò ń pe ọmọ ọmọ mi láti ìgbà tó ti ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri mi. Ó ti wá kọ odidi ìwé. Àwọn tó ń ṣe ìwé jáde kò gbà á nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀: ọmọkùnrin kan ń dàgbà, ó rí i pé ọkùnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí, ó wá ń wádìí ìdí tí wọ́n fi gé àbúrò bàbá bàbá rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò ilé. Òǹtẹ̀wé kan bá a tẹ bébà rẹ̀. Àwọn adìwé ìlú yìí ni kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn ní ọmọ nílé. Mo ní èmi náà ní ọmọ nílé, òun ló sì kọ ọ́.

Ọgọ́fà ẹ̀dà ni. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni yóò kà á fún àwọn èèyàn ní yàrá ìkàwé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Bébà rọ̀ bí etí ajá. Mo ká ìdì kìíní tán, mo bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Ìka mi ń dún bí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó tì mí, ó ń fi ìda pa òwú. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, èéfín ti bo ojú méjèèjì, àmọ́ òwú tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í já. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn yìí. Ó bi mí pé kí ló wà nínú ìwé náà. Mo ní ìtàn arúgbó kan tó máa ń béèrè ìbéèrè jù ni. Ó ní á jẹ́ pé ìwé náà kò lè gùn, torí kò sẹ́ni tó máa ń dá arúgbó náà lóhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Akọ̀wé wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Wọ́n ru ìyókù bébà wá. Mo bi ọ̀rẹ́ náà pé bí ọkùnrin méjì bá ru ìdì bébà mẹ́fà, èwo nínú wọn ni ẹ̀yìn yóò kọ́kọ́ dùn. Ó ní èyí tó bá dúró gbọ́ ìbéèrè. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá nígbà tí Akọ̀wé sọ fún mi pé òun kò ní fẹ́ obìnrin, pé ọkùnrin yìí ni òun fẹ́, ó jókòó sórí àpótí ní iwájú mi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Mo ní ṣé ọkùnrin náà mọ oúnjẹ sè, torí láti ìgbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kú, oúnjẹ ilé yìí kò dáa. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wò mí bí ẹni tó gbà á là. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mo kíyè sí lónìí. Ẹnu ọ̀nà ni Akọ̀wé ti kí Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń pè ní Màmá àgbà. Kò wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ títí, ó tún ká a padà sórí itan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ìdì kẹfà ti parí. Adìwé kì í ka ìwé bí èèyàn. Tí o bá ká bébà lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ìwé àkọ́kọ́ á kọjú sí ìkẹrìndínlógún, o ó wá máa kà á bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe pàdé ara mi. Akọ̀wé fi mí sínú ìwé. Kò dárúkọ mi, àmọ́ ta ló tún kù? Adìwé kan tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n lé àbúrò adìwé náà jáde, adìwé náà nìkan ló dìde, tó gbé àpótí rẹ̀ lé èjìká dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tó sì dúró títí ọkọ̀ fi lọ.

Mo ka apá yẹn sókè fún Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òótọ́ ni, mo gbé àpótí náà. Ó tún mú òwú mìíràn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn bí ẹni tó jẹ iyán yó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ká ìdì keje.

Ojú ìwé mẹ́rin ló kún fún Ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ń fọ aṣọ ilé, ó tọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù àbúrò rẹ̀, ó rí lẹ́tà tí ọkùnrin kan kọ sí i, ó sì mú un lọ bá bàbá wọn. Akọ̀wé mọ̀ ọ́n kọ, kí n má purọ́. Ó ní omi ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ sórí lẹ́tà náà. Ó ní ó nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó dalẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ló dé tí òun kò gbọ́ ìró eegun tí mo fi ń tẹ bébà mọ́. Mo ní ó bọ́ sílẹ̀ ni.

Kì í ṣe òun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò ká bébà kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbì kan, kí ó tó di pé mo tún fi ẹ̀fẹ̀ bò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, àbúrò mi jẹ́ ogún. Ilé iṣẹ́ ìdìwé kan náà la jọ ń kọ́ṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ẹ̀wù rẹ̀ lórí òkìtì aṣọ tí Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fọ̀. Mo tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, sìgá ni mò ń wá. Lẹ́tà ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló kọ ọ́. Mo mú un lọ síbi iṣẹ́. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo gun orí tábìlì ìgéwé, mo fi àkísà bo orí bí ìborùn, mo fi ohùn obìnrin ka lẹ́tà náà fún gbogbo wọn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú gọ́ọ̀mù. Wọ́n ti rán àbúrò mi lọ ra òwú, kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá wa wà níbẹ̀. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti mú un dé ọwọ́ bàbá wa.

Bàbá wa pe gbogbo wa jọ. Kò ka lẹ́tà náà sí wa létí, kò sọ ẹni tó fún un. Ó gbé e sókè bó ṣe wà ní kíká, ó ní ẹni tó ni ín mọ ara rẹ̀, ó jù ú sínú iná. Àbúrò mi wo iná, ó wá wo Ẹ̀gbọ́n mi, torí ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé òun kó ẹ̀wù sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi kọ́ o." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wà níbẹ̀. Mo ń jẹun lọ.

Ọjọ́ kejì ni bàbá lé e. Mo gbé àpótí rẹ̀ lóòótọ́. Àpótí náà wúwo, inú mi sì dùn pé ó wúwo.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta rèé. Àbúrò mi ń gbé nílùú mìíràn. Òun àti ọkùnrin tó kọ lẹ́tà náà ni wọ́n jọ gbé títí ọkùnrin náà fi kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Akọ̀wé ló wá a rí fúnra rẹ̀, ó gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì kọ ohun tó gbọ́. Kò sí ẹni tó parọ́ fún un. Àbúrò mi kò mọ̀ ni. Ó kọ̀ láti bá Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé òun kọ́, ó sọ ọ́ fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.

Mi ò fẹ́ pa àbúrò mi lára. Mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Ìyẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi, mo sì kọ ọ́ síbí báyìí, mo kà á, kò dùn ún kà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kíká ti parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mẹ́rin lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló pa òwú tí mo fi rán an, òun náà ló ń na àwọn ìdì sí mi ní kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka ka iye wọn. Tó bá ti kan ìkeje, mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá bí ẹni pé ó gbóná. Ó ní kí ló ń lé mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo jẹ́wọ́ lónìí. Ẹ wo bó ṣe rí.

Àwa mẹ́rin la jókòó jẹun, Ẹ̀gbọ́n mi, Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti èmi. Mo ti mú ọkàn le láti àárọ̀. Mo sì gbé ẹnu mi gba ibi tó ti mọ́ ọn lára. Mo fi ṣíbí lu abọ́, mo ní kí ilé ẹjọ́ jókòó, ọ̀daràn fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni mo mú lẹ́tà àbúrò mi, kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n kó ẹran inú abọ́ mi fún un gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ọ̀rẹ́ Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹlẹ́fẹ̀, fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́," ó sì fẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ ẹran tí mo nà sí i.

Nígbà tí mo sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Akọ̀wé di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun mọ̀ pé mo ti ka ìdì keje, òun sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó ní, "Ẹ fẹ́ bo Màmá àgbà láṣìírí ni, Bàbá. Ẹ̀yin ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé."

Ó dì mọ́ mi. Mo jẹ́ kí ó dì mọ́ mi.

Àwàdà tí mo ti fi ń jẹun láti kékeré, òun ló wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ta ni yóò gba ẹni tó ti fi ṣẹ̀fẹ̀ rí pé ọlọ́pàá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà gbọ́, tó sì tan òǹtẹ̀wé pé ọmọ rẹ̀ ti di ajórinmọ́rin?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òjò, òjò. Gọ́ọ̀mù kọ̀ kò gbẹ. Wọ́n tún gbówó lé e, mo sọ fún ẹni tó ń tà á pé gọ́ọ̀mù ni mo wá rà, kì í ṣe oyin.

Ogójì ni mo ti rán.

Akọ̀wé dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìròyìn. Àbúrò mi fẹ́ wá síbi tí wọ́n ti máa ka ìwé náà. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, yóò tún wọ ìlú yìí. Àmọ́ ó ní bí Ẹ̀gbọ́n mi bá wà níbẹ̀, òun kò ní wọlé. Akọ̀wé wá ní kí n bá òun wá ọgbọ́n kan dá kí Màmá àgbà má lè wá. Kí n sọ fún un pé ìwé kò tíì parí, tàbí pé ọjọ́ ti yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é kí èèyàn má bínú."

Mo ní mo gbọ́. Ìyẹn ni mo sọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ronú pé kí n yọ ìdì keje kúrò nínú gbogbo wọn. Mo yọ ọ́ nínú ẹyọ kan láti wò ó. Ìtàn náà fò láti orí ọmọ tó ń fọ eyín dé orí ìsìnkú. Mo dá a padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Keje

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo ti rán. Nọ́ńbà yẹn kò ní kúrò lórí mi.

Láàárọ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sínú yàrá rẹ̀. Ó ti fọ búláòsì funfun rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá àbààwọ́n wà lára rẹ̀, ojú òun kò tó o mọ́. Ó ní òun fẹ́ jókòó síwájú lọ́jọ́ náà kí òun lè gbọ́ dáadáa. Ó ní ọmọ yẹn kì í kí òun kúnná mọ́, òun kò mọ ohun tí òun ṣe é, bóyá tó bá rí i pé òun wá, inú rẹ̀ á yọ́. Mo yẹ búláòsì náà wò níwájú àti lẹ́yìn. Kò sí ẹyọ àbààwọ́n kan.

Mo wọ bàtà, mo lọ bá Akọ̀wé ní ìsọ̀ òǹtẹ̀wé. Ẹ̀rọ ń pariwo. Mo ní kó jáde wá síta, sábẹ́ òrùlé páànù níbi tí wọ́n ń kó bébà sí. Mo tún sọ ọ́ fún un. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó gbọ́. Mo sọ ti tábìlì, ti àkísà, ti ọ̀gá wa. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de ibi tí ẹ̀fẹ̀ náà máa já sí.

Mo wá ka lẹ́tà náà sí i létí. Mi ò gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀ rí. Ó máa ń padà bá mi tí mo bá ń bọ aṣọ, tí mo bá ń bu omi. Nígbà tí mo dé ibi tó ti ní, "Ẹ̀wù tí o gbàgbé sọ́dọ̀ mi, mi ò tíì fọ̀ ọ́, mo fẹ́ kí òórùn rẹ ṣì wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i," ojú Akọ̀wé yí padà. Ó wá ibi kan jókòó sí lórí bébà.

Ó ní Bàbá Kékeré, bó ṣe ń pe àbúrò mi, sọ gbólóhùn yẹn fún òun. Ó ní Bàbá Kékeré bẹ òun pé kí òun má kọ ọ́ sínú ìwé, torí nínú gbogbo ayé, òun àti ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó kọ ọ́ sì ti lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó rí inú lẹ́tà náà kí iná tó jẹ ẹ́, àfi bàbá wa tó ti kú.

Mo ní àwọn mọ́kànlá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ti kú tán, èmi nìkan ló kù.

Ẹ̀rọ dúró nínú ilé. Ó wá ní, "Nígbà tí mo sọ tèmi fún yín, tí ẹ ṣẹ̀fẹ̀, mo rò pé Ọlọ́run ló fi yín ta mí lọ́rẹ. Ṣé ẹ̀fẹ̀ kan náà ni?"

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni. Mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ẹ ti rán mélòó?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń rán an lọ." Ó padà wọlé. Mo fi ẹsẹ̀ rìn wálé nínú òjò, agbòòjò wà lábẹ́ apá mi, mi ò ṣí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Kò wá. Mi ò rán nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Ó wá. Ó gbé ọgọ́fà ìdì keje tuntun sórí tábìlì, òǹtẹ̀wé ti bá a tún un tẹ̀. Ó ti kọ ojú ìwé mẹ́rin náà ní ọ̀tun. Ó ní kí n kà á kí n tó ká a. Nínú rẹ̀, adìwé aláwàdà kan dúró lórí tábìlì pẹ̀lú àkísà lórí. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó fi gbígbé àpótí sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìdì kẹfà. Ìyẹn ló wá burú jù, torí ẹni tó bá kà á tẹ̀lé ara wọn yóò mọ ìdí tí mo fi gbé e.

Mo bi í bóyá òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò bá mi tú àwọn tí mo ti rán. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rán an." Wọn yóò máa lẹ èèpo ìwé mọ́ èyí tí mo bá ti parí, àmọ́ títú, èmi nìkan. Ó tún ní òun kò ní pe Bàbá Kékeré títí mo fi sọ fún Màmá àgbà lẹ́nu ara mi. Ó fún mi di ọ̀la.

Mo fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ kan nípa adájọ́ kékeré. Ó ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ nínú bàsíà. Mo gbé àpótí ìjókòó sí iwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo mú lẹ́tà náà nínú ẹ̀wù. Mo kà á fún wọn níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa ló gbé e fún Bàbá."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú omi. Ó ní ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́sí ni mo tún ń sọ ọ́. Mo ní rárá. Ó gbé ojú rẹ̀ tó ti ṣókùnkùn sókè sí ibi tí ohùn mi ti ń wá, ó sì mọ̀.

Ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un títí kò fi sí omi tó tún lè jáde. Ó ní bàbá wa kú láìjẹ́ kí òun fi ọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́, torí ó ní ẹni tó bá lè da àbúrò rẹ̀ lè da májèlé. Mi ò mọ ìyẹn. Ilé kan náà la jọ gbé, mi ò mọ̀.

Ó wá ní, "Kà á fún mi."

Mo ní kí ni.

Ó ní, "Lẹ́tà náà. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi jìyà lẹ́tà tí mi ò gbọ́ rí. Kà á bí o ṣe kà á fún wọn. Ohùn yẹn gan-an."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Mo gbé ohùn mi sókè, ohùn obìnrin, ohùn àgbà ọkùnrin tí kò léyín tó pọ̀ mọ́, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú bàsíà aṣọ. Mo yí ọrùn níbi tí mo ti yí i. Mo dákẹ́ níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, torí bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, mo ti fi àyè ẹ̀rín sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àyè náà ṣófo. Adìyẹ aládùúgbò nìkan ló ń dún.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Lẹ́tà dáadáa ni. Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀?"



Ó ní kí n kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ òun. Kò ríran, àmọ́ ó ní kí n kúrò. Mo kúrò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi kò wá sídìí tábìlì. Mo ń fi ìda pa òwú fúnra mi. Ó já lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Bí mo ṣe ń tú ni mo ń tún un rán, títú sì le ju rírán lọ. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi orí ọ̀bẹ gé òwú láàárín ìdì kọ̀ọ̀kan, kí bébà má ya, kí ihò abẹ́rẹ́ má fẹ̀. Tí ihò bá fẹ̀, ìwé náà á máa yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ, mo ti fà wọ́n le ṣinṣin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Mo tú èyí tó kẹ́yìn. Àjẹìwẹ̀yìn ni mo jẹ, ó tọ́ kí n ru igbá mi délé. Akọ̀wé wá kó àwọn ìdì keje àtijọ́. Mo rò pé yóò jó wọn. Ó ní rárá, ẹ̀yìn wọn ṣófo lápá kan, ọ̀rẹ́ òun yóò gé e fún àwọn ọmọ ilé ìwé kí wọ́n máa ṣe ìṣirò sí i.

Ó ti pe àbúrò mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bi í pé kí ló wí. Ó ní ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Méjìdínlọ́gọ́rin ti parí ní ọ̀tun. Ìka ìlábẹ̀ mi wú. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé oúnjẹ sí iwájú mi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ náà dára. Ì bá sàn ká ní kò dára.

Òǹtẹ̀wé yà láti wo iṣẹ́. Ó ti ka ìdì keje tuntun, òun ló tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín pé ṣé lóòótọ́ ni mo fi àkísà borí. Ó fẹ́ kí n ṣe é kí òun rí i. Mo ní kí ó mú ìdì mẹ́wàá tó wà lápá ọ̀tún yẹn fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún

Fóònù Ẹ̀gbọ́n mi dún láago mẹ́wàá àárọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń pè é àfi ilé ìwòsàn ojú. Mo gbọ́ tó ní ta ni. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, mo sì dìde, mo rò pé ó ti ṣubú. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mọ́ etí. Ó ń pe orúkọ kékeré tí a ń pe àbúrò mi nígbà tí kò tíì mọ ìrìn. Mi ò gbọ́ orúkọ náà láti ìgbà tí bàbá wa ti ní kí a má pè é mọ́.

Mo padà sórí àga mi. Ògiri ilé yìí kò nípọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ ju wákàtí kan lọ. Nígbà kan Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, ó sì ní kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, ṣé ó jẹun. Ó ní òun yóò fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ní iwájú. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan tí àbúrò mi sọ, mi ò mọ̀ ọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó jìnnà wá, tó fi ń wúkọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú. Nínú gbogbo ẹ̀rín tí mo ti gbọ́ nínú ilé yìí, òun nìkan ni mi ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo ń dúró bóyá yóò pè mí wá gba fóònù.

Ó jáde nígbà tó yá, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Mo béèrè bóyá àbúrò mi rán an sí mi.

Ó ní, "Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gbọ́."

Mo dúró bóyá ó kù. Kò kù. Ó padà sínú yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìwé mọ́kàndínlógún ló ṣẹ́kù láti rán. Mo mú ọ̀kan.